Ọdún Mẹ́ta Tí Dúrótìmí Lò Ní Luxembourg

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ kó má baà rú yín lójú: Dúrótìmí kò dé Luxembourg rí. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, kò fi bàálù kọjá lórí rẹ̀, kò sì mọ ẹnì kan tó ti ibẹ̀ wá. Èmi Síkírù ni mo sọ bẹ́ẹ̀, èmi tí mo ti ń wa bọ́ọ̀sì láàárín Woolwich àti Thamesmead láti nǹkan bí ogún ọdún. N kì í purọ́ àyàfi tí ìyàwó mi bá béèrè bóyá mo ti jẹun níta. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì tí Dúrótìmí ń lọ, tí ẹ ní Brother Dúrótìmí lẹ ń wá, ńṣe ni wọ́n á máa wo ara wọn lójú. Ẹ sọ pé Daddy Luxembourg. Kíá ni wọ́n á fi hàn yín, níwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, ọkùnrin kúkúrú kan tó wọ súùtù, tó jókòó bí ẹni tó fún òyìnbó nílẹ̀ kọ́lé sí.

Ọ̀rẹ́ mi ni. Àgbádárìgì la ti jọ dàgbà, a jọ gbọ́ Ègùn, a jọ sá nílé ìwé. Lónìí, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi ọkọ̀ gbé àwọn arúgbó láti ilé wọn lọ sí hospital, kó sì dá wọn padà. Ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa, àwọn arúgbó yẹn sì fẹ́ràn rẹ̀, torí kì í kánjú mú wọn sọ̀kalẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Christiana, nọ́ọ̀sì ni. Yarnton Way ní Thamesmead ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti bí Tiwaladé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Èèyàn dáadáa ni Dúrótìmí. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń kó o sí wàhálà.

Ní ọdún 1996 ló bọ́ sí London pẹ̀lú báàgì kan àti nọ́ńbà fóònù mi. Mo ní yàrá kan nígbà náà nínú fúláàtì kan ní Barnfield Estate ní Woolwich. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà nínú yàrá yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà sì ni àyè kan wà tó gba èèyàn kan tí kò bá yí ara púpọ̀. Dúrótìmí ló gba àyè yẹn. Kò ní pépà, abọ́ ló ń fọ̀ nílé oúnjẹ kan. Kò pẹ́ tí lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ilé. Ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ń bọ̀, kó wá pàdé rẹ̀ ní airport. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gba físà, kó bá a wá ibi tó máa sùn sí. Láàárín oṣù mẹ́rin, èèyàn márùn-ún ló fẹ́ wá bá Dúrótìmí gbé, Dúrótìmí tó jẹ́ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ mi ló ń gbé.

Ẹ̀yin náà mọ bí tiwa ṣe rí. Tó bá ní òun kò gbà, wọ́n á ní ó ti dé òkè òkun, ó ti gbàgbé àwọn èèyàn rẹ̀. Tó bá ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lòun ń sùn, ìyá rẹ̀ tó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ti rí ṣe, ojú wo ló fẹ́ fi jáde? Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan báyìí, ìbátan rẹ̀ kan pè láti Èkó pé físà òun ti jáde. Mo rí i tí Dúrótìmí ń wo ògiri, ó ń wo àjà, ó wá wo ìwé ìròyìn tí mo tẹ́ sórí tábìlì kí ata má baà ta sí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n na Luxembourg ní bọ́ọ̀lù. Ó ní, “Ó mà ṣe o, n kò ní sí ní London mọ́. Ibi iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Luxembourg lọ́la.” Ìbátan rẹ̀ bi í pé ibo nìyẹn. Dúrótìmí kò mọ̀. Ó ní, “Ó jìnnà.”

Mo rẹ́rìn-ín títí tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ fi gbá àjà ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ó ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí Dúrótìmí gba òun sílé ní Luxembourg, torí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Tí wọ́n bá pe fóònù, èmi ni mò ń gbé e, màá ní ó ti kó lọ, àmọ́ màá jíṣẹ́. Òun náà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa jẹ ẹ̀bà. Tó bá jẹ́ pé Luxembourg ni yàrá yẹn lóòótọ́, èmi ni ọba ibẹ̀, aráàlú kan ṣoṣo ni mo sì ní, kọ́ọ̀tù mi ló fi ń bora.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí èèyàn bá ní òun ń gbé ìlú kan, wọ́n á béèrè ìlú náà. Ni Dúrótìmí bá lọ sí láíbìrì, ó ra ìwé kan níbi tí wọ́n ti ń ta àwọn ìwé tí wọn kò fẹ́ mọ́. Ìwé ọmọdé ni, gbogbo ìlú Europe ló wà nínú rẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin sì ni Luxembourg ní. Ó há gbogbo rẹ̀ sórí. Ó mọ̀ pé Germany, France àti Belgium ló yí i ká. Ó mọ̀ pé láti òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò gùn tó Èkó sí Ìbàdàn. Ó mọ̀ pé orúkọ kan náà ni ìlú náà àti olú ìlú rẹ̀ ń jẹ́, pé wọ́n ń sọ èdè tiwọn, wọ́n ń sọ Faransé, wọ́n tún ń sọ Jámánì, àti pé ọba wọn kì í ṣe king, Grand Duke ni, òun nìkan sì ni irú rẹ̀ tó ṣẹ́kù láyé tó ń jọba. Ìyẹn ló fẹ́ràn jù. Tó bá sọ ọ́, á ṣe bí ẹni pé ọkùnrin náà kí òun rí.

Ní ọdún 1999 ló rí pépà gbà, ó sì “padà” sí London. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Ẹ bi mí pé kí ló dé tí kò kú. Ìdí ni pé gbogbo ẹni tó wà ní Thamesmead ló ti Èkó wá, Dúrótìmí nìkan ló ti Luxembourg wá. Ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó pa òun mọ́ nílẹ̀ àjèjì tí òun kò ti mọ ẹnì kankan, ìjọ sì pàtẹ́wọ́ fún un. Àtìgbà náà ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń dùn mọ́ ọn.

Kì í ṣe pé kò ṣì í sọ o. Ó sọ fún àwọn èèyàn pé òun máa ń jẹ ẹja tútù létí òkun Luxembourg. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Luxembourg kò ní òkun. Ó ní òun ná owó euro níbẹ̀ ní ọdún 1997, nígbà tí wọn kò tíì dá owó náà sílẹ̀. Nígbà tí pásítọ̀ ní kó fi èdè ibẹ̀ kí ìjọ, Ègùn ló sọ. Wàláì, Ègùn gidi. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ìyá kan wà lẹ́yìn tó jẹ́ ará Àjàrá lẹ́bàá Àgbádárìgì, ó kàn ń wò ó. Kò sọ nǹkan kan, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni Dúrótìmí ti ń fi ọkọ̀ gbé ìyá náà lọ sí ọjà Woolwich, tó sì ń gbé e padà sílé.

Ó wá di ọdún 2020, wọ́n sọ ọ́ nínú ìròyìn pé Luxembourg ti sọ gbogbo bọ́ọ̀sì àti rélùwéè di ọ̀fẹ́. Àwọn ará ìjọ rọ́ bá a. Ó ní bó ṣe wà látayébáyé nìyẹn, kódà ọ̀fẹ́ lòun wọ̀ ọ́. Èmi awakọ̀ bọ́ọ̀sì mú un sí kọ̀rọ̀, mo ní, “Dúró, ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.” Ó ronú díẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni wọ́n fi dán an wò.

Christiana mọ òtítọ́. Ọdún kejì ìgbéyàwó wọn, wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ ni wọ́n ti béèrè gbogbo ìlú tí ọkọ rẹ̀ ti gbé rí. Ó rí i pé Nàìjíríà àti London nìkan ni Dúrótìmí kọ. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì pa ẹnu mọ́. Nǹkan tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, kí ni kí èèyàn máa bá ọkọ rẹ̀ fà á sí?

Ọdún tó kọjá ló wá fẹ́ pa ẹnì kan lára. Tiwaladé ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Canary Wharf, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn olówó tọ́jú owó. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tó wà ní yunifásítì pàápàá, láti ilé ló ń wọ rélùwéè lọ. Ọ̀sán Sunday kan, mo wà nílé wọn, mò ń jẹ ìrẹsì, ló bá wọlé pé wọ́n fẹ́ kí òun lọ ṣiṣẹ́ ọdún méjì ní ọ́fíìsì wọn kejì. Ní ibo? Ní Luxembourg. Ìrẹsì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ibòmíràn lọ lọ́fun mi.

Ọjọ́ Friday ni wọ́n ní kó fèsì. Ó jókòó níwájú bàbá rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí síbí, kì í fi ẹ̀yin bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, a ti sọ ọ́ sú.

“Daddy, I need you to be honest. Ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀ for three years. O ò mọ anybody. Báwo lo ṣe manage?”

Dúrótìmí tún ìjókòó ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Grand Duke. Ó kàn dé ibi bọ́ọ̀sì ni ọmọ náà dá a dúró.

“Mi ò béèrè bus. I can google bus. Ṣé o sunkún? Báwo ló ṣe pẹ́ tó before you had somebody to talk to?”

Ibi tí ó ti yẹ kó sọ òtítọ́ nìyẹn. Mo ń wò ó. Christiana ń wò ó. Ó ní, “Ọ̀sẹ̀ méjì.”

Ọmọ náà mú fóònù rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun gan-an, pé òun ti fẹ́ sọ fún wọn pé rárá, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì, òun á lè fara dà á. Tí Daddy bá lè ṣe é láyé ìgbà tí kò sí WhatsApp, òun náà á ṣe é. Ó ní torí Daddy ni òun ṣe máa gbà.

Bó ṣe wọ yàrá ni Christiana pe àwa méjèèjì sí ìdáná, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Kò pariwo. Ó ní, “Daddy Tiwa, ọmọ yẹn fẹ́ fi ilé sílẹ̀ nítorí ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ kàn fi ẹnu sọ. Tó bá dé ibẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, á rò pé òun ló ní àbùkù. Kò ní sọ fún yín. Ojú á máa tì í.”

Dúrótìmí ní, “Tí mo bá sọ òtítọ́ fún un, kò ní lọ mọ́. Èmi ni màá ti ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.”

Òótọ́ sì ni. Mo wá wo ọ̀rẹ́ mi, mi ò rí ẹ̀rín kankan rín sí i. Ní Tuesday, ó wọ bọ́ọ̀sì mi, ó jókòó sẹ́yìn mi láti Woolwich dé Thamesmead, a tún jọ padà, a tún jọ lọ, bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa ṣọ́ mi. Nígbà tí mo dúró níbi tí mo ti ń sinmi, ó ní ṣé mi ò lè bá òun sọ fún ọmọ náà. Mo ní èmi kọ́ ni mo bí i, mi ò sì lọ sí Luxembourg rí. Ó ní òun náà kò lọ. Mo ní kó lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Nírọ̀lẹ́ Thursday, a lọ dúró de Tiwaladé ní ibùdó rélùwéè ní Woolwich. Dúrótìmí kò darí ọkọ̀ sílé. Ó gun òkè lọ sí Barnfield. Ó sọ wá kalẹ̀ níwájú ilé tí a gbé nígbà náà, ó nàka sí fèrèsé kan lókè.

Ó ní, “Wo fèrèsé yẹn. Luxembourg tèmi nìyẹn.”

Ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá wojú mi. Mo mi orí pé òótọ́ ni. Dúrótìmí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, lẹ́tà, ìwé ìròyìn, ìwé ọmọdé. Ojú Tiwaladé ń yí padà bó ṣe ń gbọ́.

“Mo sọ fún manager mi,” ni ohun tó kọ́kọ́ sọ. “I told them my dad lived there. Wọ́n ní that's amazing.” Ó wá yíjú sí mi. “Uncle Síkírù, ẹ̀yin náà mọ̀?” Mo ní mo mọ̀. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ fi ojú mi sí.

Ó bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé, pé irọ́ ọdún pípẹ́ báyìí, kí ló dé tí kò fi í sílẹ̀. Mo rò pé yóò ṣàwàdà. Kò ṣe é. Ó ní ìyá òun máa ń lọ sílé àlùfáà kan ní Àgbádárìgì ní gbogbo Sunday, torí ibẹ̀ ni fóònù wà. Òun á pè é. Màmá á ní, “Ṣé dáadáa ni?” Òun á ní dáadáa ni, òun á wá ṣí ìwé yẹn, òun á máa ka ààfin ọba àti àwọn òkè ibẹ̀ fún un.

“Ebi ń pa mí,” ló wí, “mo ń ka ìwé fún ìyá mi.”

Ọdún 1998 ni màmá ṣàìsàn. Ó ní kí wọ́n má yọ ọmọ òun lẹ́nu, ìlú ńlá ló wà. Nígbà tó kú, kò sí pépà, Dúrótìmí kò lè lọ sin ín. Ó ní ìyẹn kọ́ ló ń dun òun jù. “Ìyá mi kú, kò mọ ibi tí mo wà. Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ gbàdúrà fún mi, Luxembourg ló ń darí rẹ̀ sí. Kì í sì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì, Tiwa. Ó lé ní ọdún kan kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ ohun tó wà nínú mi. Síkírù wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò sọ fún un. Balùwẹ̀ ni mò ń wọ̀, màá ṣí ẹ̀rọ omi kó má baà gbọ́ mi.”

Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo máa ń pariwo lé e lórí nígbà yẹn pé ó ń fi omi gbígbóná ṣòfò, pé ṣé ọmọge ni tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Mo dúró síbẹ̀ ní Barnfield, ó dùn mí dé eegun. Tiwaladé gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ Woolwich, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Àwa àgbàlagbà méjì dúró, a ń wo fèrèsé.

Lọ́jọ́ kejì ló sọ fún wa pé òun ti fèsì, òun ń lọ. Inú Dúrótìmí fẹ́ dùn, ọmọ náà ní kó fara balẹ̀, kì í ṣe torí rẹ̀ o, pé iṣẹ́ náà ló wu òun, ẹ̀rù sì ṣì ń ba òun. Fún odidi oṣù méjì tó fi múra, Daddy Barnfield ló ń pè é. Christiana náà bá a pè é. Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, Dúrótìmí kò tíì sọ fún wọn. Ó ní òun ń wá àkókò tó dára. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn ará ìjọ ti gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ìlú bàbá rẹ̀, iyì rẹ̀ tún ti pọ̀ sí i, ẹ̀yin náà ẹ wo irú èèyàn tí Ọlọ́run fi jíǹkí mi.

Tiwaladé lọ ní oṣù Kẹfà. Sunday àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó lọ, a ti jẹun ọ̀sán tán ní Yarnton Way nígbà tí fóònù dún. Dúrótìmí gbé e sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́.

Ó ní, “Tiwa, ṣé dáadáa ni?”

Ọmọ náà ní, “Rárá, Daddy. Kò dáa. Mi ò mọ ẹnì kankan. Mo jẹ búrẹ́dì lásán lánàá, I just sat there, mo sì ń sunkún.”

Christiana ti dìde dúró. Dúrótìmí na ọwọ́ sí i pé kó jókòó. Omi ti kún ojú rẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Ó ní, “O ṣeun tó o sọ fún mi, ọmọ mi. Ibo lo wà báyìí gan-an? Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi kí n mọ̀ ọ́n.”

Ọmọ náà fa imú. Ó ní òun wà nínú yàrá òun, lókè kẹta, bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, fèrèsé kọjú sí òpópónà kan tó ní igi mẹ́ta, obìnrin kan sì ń gbá iwájú ilé nísàlẹ̀. Dúrótìmí fa àga sún mọ́ tábìlì, ó tẹ etí rẹ̀ sí fóònù náà, ó ń sọ pé, “Ẹ̀n-ẹ́n, mò ń gbọ́, máa sọ.”